Ìbéèrè Kan, Èsì Kan: Ìrírí Mi Nípa Fífi Kọ̀ǹpútà Darí Irinṣẹ́ Làbọ́

Irinṣẹ́ làbọ́ tí a ń fi kọ̀ǹpútà darí kì í sọ ohun tí a kò bi í. Ẹ rán àṣẹ tí kò yé e sí i, bóyá ni yóò ṣe ju kó dún píì lẹ́ẹ̀kan lọ. Yóò kọ àṣìṣe náà pamọ́ sínú ara rẹ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Kóòdù yín náà yóò máa sáré lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé dátà ń bàjẹ́ jù. Wáyà tó já kì í fara sin, ẹ̀rọ tó kú kì í fara sin. Nọ́ńbà tó jọ òótọ́, tó sì jẹ́ pé èsì ìbéèrè mìíràn ni, òun lewu. Nítorí náà, àṣà kan ṣoṣo ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ yìí kà: ìbéèrè kan, èsì kan, kí ó sì dá mi lójú pé àwọn méjèèjì bára mu kí n tó bi òmíràn.

Èdè tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọ̀nyí ń sọ kò le. Ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ló kọ́kọ́ ṣe ìsopọ̀ tó di GPIB lónìí, tí ó sì di ìlànà IEEE 488 ní ọdún 1975. Ní 1987, IEEE 488.2 fi àwọn àṣẹ tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ní kún un, àwọn tó ń fi àmì ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀: `*IDN?` tó ń bi ẹ̀rọ pé ta ni ọ́, `*RST` tó ń dá a padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀, `*CLS` tó ń nu àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ nù. Ní 1990, SCPI dé, èdè àṣẹ àjùmọ̀lò fún irinṣẹ́ ìwọ̀n, ó sì fún àwọn iṣẹ́ tó kù ní orúkọ tó jọra láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí mítà (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) tó ti lé ní ogún ọdún àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fi lè dáhùn `MEAS:VOLT:DC?` bákan náà.

Nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ àṣẹ báyìí: `VOLTage`. Lẹ́tà ńlá ni gígé rẹ̀. `VOLT` dára, `VOLTAGE` dára, ṣùgbọ́n `VOLTA` kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan, àṣìṣe -113 ni ẹ ó gbà. Ó wà báyìí tàbí ó wà lọ́hùn-ún, kò sí àárín. Àmì ìbéèrè tó wà níparí náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: `VOLT 5` ń pàṣẹ, `VOLT?` ń béèrè. Ẹni tó bá pàṣẹ tó wá jókòó de èsì yóò pẹ́ níbẹ̀.

Wáyà wo?

GPIB ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ làbọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ 15 ni ìlà kan lè gbà, kọ̀ǹpútà wà lára wọn. Gígùn wáyà lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 2 fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìlà lọ, kò sì gbọdọ̀ kọjá mítà 20 bó ti wù kí ẹ̀rọ pọ̀ tó. Àdírẹ́ẹ̀sì ń lọ láti 0 dé 30, ẹ̀rọ méjì kò sì gbọdọ̀ ní ẹyọ kan náà. Èyí dunni, nítorí àwọn mítà oríṣi kan náà ń ti ilé-iṣẹ́ wá pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì kan náà. HP 34401A, fún àpẹẹrẹ, 22 ni. Ẹ so méjì pọ̀ láìyí ọ̀kan padà, àwọn méjèèjì yóò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ẹ ó sì kà kò ní jẹ́ ti ọ̀kankan nínú wọn.

RS-232, ìsopọ̀ àtijọ́ tó ń rán bíìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló ń gba àsìkò mi jù, nítorí pé ohun tó yẹ kó bára mu lórí rẹ̀ pọ̀: ìyára, iye bíìtì, parity (bíìtì ìṣàyẹ̀wò), stop bit (bíìtì tó ń fi òpin lẹ́tà kọ̀ọ̀kan hàn), àti ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé "dúró ná". Mítà 34401A yẹn kan náà ń ti ilé-iṣẹ́ wá pẹ̀lú ìyára 9600, bíìtì 7, even parity àti stop bit 2. PyVISA, àkójọ kóòdù Python fún bíbá irinṣẹ́ sọ̀rọ̀, àti ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9600, bíìtì 8, láìsí parity, stop bit 1. Bí ẹ kò bá mú wọn bára mu, ẹ ó rí lẹ́tà rádaràda tàbí kí ẹ má rí nǹkan kan. Wáyà fúnra rẹ̀ tún ní tirẹ̀. Mítà yìí ń wo ìlà DSR, èyí tó ń fi hàn pé kọ̀ǹpútà ti ṣetán, kó tó sọ̀rọ̀, nítorí náà bí ẹ bá lo wáyà tí okùn mẹ́ta péré wà nínú rẹ̀, yóò gbọ́ yín ṣùgbọ́n kò ní fèsì. Ẹ lo èyí tí gbogbo okùn rẹ̀ pé, tó sì ń dá ìlà kọjá sí ara wọn, irú tí wọ́n ń pè ní null modem. Lẹ́yìn náà, `SYST:REM` ni kó kọ́kọ́ wọlé lórí RS-232, kó lè gbà pé kọ̀ǹpútà ló ń darí òun.

USB rọrùn jù. Ẹ kì í yan ìyára tàbí àdírẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ ti wà nínú orúkọ rẹ̀. Lórí Linux, bí ẹ bá rí i pé ẹ̀rọ wà lórí USB ṣùgbọ́n kóòdù yín kò rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àṣẹ ìlò ni. Ẹ kọ òfin udev fún un (fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè lo ẹ̀rọ), ẹ má ṣe máa fi root, orúkọ tó ní gbogbo àṣẹ, sáré kóòdù. Ohun kan wà nípa USB tí àwọn tó ń wọn nǹkan kékeré gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: ó ń so ilẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ kọ̀ǹpútà. Bí àwọn méjèèjì bá ti so mọ́ ilẹ̀ láti inú wáyà iná wọn tẹ́lẹ̀, ẹ ti ṣe òrùka kan nìyẹn, iná kékeré yóò sì máa yí po nínú rẹ̀. Nínú ìwọ̀n fólítì 5 ẹ lè má rí i. Nínú ìwọ̀n tó kéré sí mìlìfólítì kan, ẹ ó rí i kedere. Ẹ yọ USB, ẹ fi ojú wo nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ. Bó bá yí padà, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ethernet sàn jù níbi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé transformer kékeré wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń ya iná sọ́tọ̀, bí wáyà kò bá ti ní ìbòrí irin.

Lórí nẹ́tíwọ́kì, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ ó máa bá pàdé. VXI-11 ń kọ́kọ́ kan pọ́ọ̀tì 111, ó tún ń sún lọ sí pọ́ọ̀tì mìíràn tí ẹ̀rọ yàn fúnra rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí fáyàwọ̀ọ̀lù fi ń dí i. HiSLIP ń lo pọ́ọ̀tì 4880. Socket lásán, ìsopọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá láìní ìlànà mìíràn, wà lórí 5025 lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí rúútà fún ẹ̀rọ náà ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà. Àdírẹ́ẹ̀sì tó ń yí padà lè mú kí àṣẹ tí ẹ fẹ́ rán sí mítà lọ bá ẹ̀rọ apèsè iná. `*IDN?` ni kí kóòdù yín kọ́kọ́ bi gbogbo ẹ̀rọ, kó fi èsì wéra pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ ń retí, kó sì dá iṣẹ́ dúró bí wọn kò bá bára mu. Ìlà kóòdù méjì ni. Mi ò tí ì rí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó.

Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ

Pẹ̀lú Python àti PyVISA, báyìí ló ṣe rí:

```
import pyvisa
rm = pyvisa.ResourceManager()
print(rm.list_resources())
mita = rm.open_resource("TCPIP0::192.168.1.50::5025::SOCKET")
mita.read_termination = "\n"
mita.write_termination = "\n"
mita.timeout = 10000
print(mita.query("*IDN?"))
```

Ìlà méjì tó sọ̀rọ̀ nípa termination yẹn ni àmì ìdópin ọ̀rọ̀. GPIB àti USB ní ọ̀nà tiwọn láti fi hàn pé gbólóhùn ti parí, nítorí náà ẹ lè gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀ kó má sì ṣe yín ní nǹkan. Socket àti RS-232 kò ní irú rẹ̀. Báìtì ń ṣàn bí omi ni, àmì ìdópin nìkan ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ó tó. Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ àmì tí yóò máa wò, lórí socket yóò dúró títí gbèdéke yóò fi pé, yóò sì ní òun kò rí èsì, nígbà tó sì jẹ́ pé èsì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú `\r\n` tí ẹ̀yin sì ń wo `\n` nìkan, `\r` yóò ṣẹ́kù lára èsì. Kò ní dí `float()`, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, wọn kò ní bára mu, ẹ ó sì wo ojú ìwé títí láìrí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ fi `repr()` tẹ èsì jáde nígbà àkọ́kọ́, kí ohun tó fara sin lè hàn.

Gbèdéke ìdúró, àti èsì tó pẹ́ kó tó dé

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, PyVISA ń dúró de èsì fún 2000 ms, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹ wá wo mítà tí ẹ ní kó fara balẹ̀ wọn fólítì. NPLC ni iye ìyípo iná ilé tó fi ń kó ìwọ̀n kan jọ. Níbi tí iná ti jẹ́ 50 Hz, ìyípo kan jẹ́ 20 ms. NPLC 10 jẹ́ 200 ms. NPLC 100 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 gérégé. Bí autozero bá wà ní títàn, mítà yóò tún wọn òdo ara rẹ̀ lẹ́yìn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, àkókò náà yóò di ìlọ́po méjì: ìṣẹ́jú àáyá 4. Kọ̀ǹpútà ti sú, ó ti ní òun kò rí èsì, mítà kò sì tí ì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ìṣirò yìí ni mo máa ń ṣe kí n tó yan gbèdéke: àkókò ìwọ̀n gan-an, ìlọ́po méjì fún autozero, kí n wá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta lé e. Mi ò kì í yan 60000 fún gbogbo nǹkan, nítorí pé nígbà náà, bí wáyà bá yọ, ó di ìṣẹ́jú kan gbáko kí n tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n gbèdéke tó kọjá kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ kóòdù ni mo rí tó ń mú àṣìṣe gbèdéke, tó kọ "kò sí èsì" sílẹ̀, tó sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e lórí socket tàbí RS-232. Kóòdù béèrè fólítì. Gbèdéke pé. Kóòdù kọjá lọ, ó béèrè áńpíà. Láàárín ìgbà yìí, èsì fólítì dé, ó dúró síbi tí kọ̀ǹpútà ń to báìtì sí. Kóòdù ka ìlà kan, ìlà àkọ́kọ́ tó bá sì wà níbẹ̀ ni yóò kà: fólítì. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ áńpíà. Èsì áńpíà dé lẹ́yìn náà, ó dúró de ìbéèrè tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo èsì fi ìgbésẹ̀ kan pẹ́ sẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀, kò sì sí àṣìṣe kankan mọ́ tí yóò hàn. Bó bá jẹ́ fólítì nìkan ni ẹ ń kà ní gbogbo ìgbà, ìlà tó wà nínú àwòrán yóò dán, yóò lẹ́wà, yóò sì fi ìgbésẹ̀ kan yẹ̀ kúrò ní ibi tó yẹ kó wà.

Lórí GPIB àti USB, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbè yín díẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè tuntun nígbà tí èsì àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, yóò da ti àtijọ́ nù, yóò sì kọ àṣìṣe -410. Bí ẹ bá fẹ́ kà láìjẹ́ pé ẹ bèèrè, -420 ni yóò kọ. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà méjì yìí ti mọ ìdajì àìsàn kóòdù. -410: ẹ bèèrè, ẹ kò dúró gbọ́. -420: ẹ ń tẹ́tí, ẹ kò bèèrè. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Abéèrè tí kò dúró gbọ́ èsì ń ṣìnà níbi iṣẹ́ yìí.

Ohun tí mo ń ṣe lẹ́yìn gbèdéke tó kọjá kì í yí padà. Lórí GPIB, USB, VXI-11 àti HiSLIP, mo ń pe `mita.clear()`, tó ń ní kí ẹ̀rọ da gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu nù. Socket lásán kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ń ti í pa, mo ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì ń ṣí i tuntun. Lẹ́yìn èyí, mo ń bi í ní `*IDN?`. Bí orúkọ ẹ̀rọ bá jáde gẹ́gẹ́ bí èsì, a ti padà sí orí ìlà kan náà. Bí nọ́ńbà bá jáde, èsì àtijọ́ ṣì ń ṣàn nìyẹn, kí n tún kà títí yóò fi gbẹ. Orúkọ ẹ̀rọ kò jọ nọ́ńbà, ohun tó fi dára fún ìdánwò yìí nìyẹn. Ìwọ̀n tí gbèdéke rẹ̀ kọjá kò ní nọ́ńbà kankan nínú fáìlì mi: àyè òfìfo ni mo ń fi sílẹ̀, mi ò kì í fi òdo dípò rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé láti ti socket pa. Àwọn ẹ̀rọ kan kì í gbà ju ìsopọ̀ díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòdù tó kú láìti ilẹ̀kùn lè mú kí ẹ̀rọ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ẹnìkan yóò fi lọ pa á tàn án, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin kò sí nítòsí.

Ẹ bi í bóyá ó gbà

`SYST:ERR?` ń yọ àṣìṣe kan láti inú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, ti àkọ́kọ́ ló ń kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí mo bá ń kọ kóòdù tuntun, gbogbo àṣẹ ló ń gba inú èyí kọjá:

```
def pase(ero, ase):
    ero.write(ase)
    a = ero.query("SYST:ERR?")
    if int(a.split(",")[0]) != 0:
        raise RuntimeError(ase + " -> " + a)
```

Ó ń fa iṣẹ́ lọ́wọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `*CLS`, kí àṣìṣe ẹni tó lo ẹ̀rọ kẹ́yìn má bàa di tiyín. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ ó máa rí jù ni -113, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kò mọ̀. -109, ẹ pàṣẹ ṣùgbọ́n ẹ kò sọ iye. -222, iye náà kọjá agbára ẹ̀rọ. -221, àṣẹ náà kò bá ipò tí ẹ̀rọ wà mu. Ẹ ṣọ́ -222 dáadáa. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ apèsè iná fún yín ní iye tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó lè kọ̀ kó sì dúró sórí iye àtijọ́. Kóòdù tí kò bèèrè yóò kọ iye tí ó pàṣẹ sínú fáìlì, ohun tó wà lẹ́nu wáyà yóò sì jẹ́ òmíràn. Nítorí ìdí yìí, mo ń kọ méjèèjì sílẹ̀ sí ọ̀wọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tí mo pàṣẹ, àti ohun tí mítà wọn.

Nọ́ńbà kan tún wà tó máa ń tan ènìyàn: 9.9E+37. Kì í ṣe fólítì. Bí SCPI ṣe ń sọ pé ohun tí a wọn kọjá ìpele tí mítà wà nìyẹn. `float()` yóò gbà á wọlé tayọ̀tayọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n yóò sì ba ìpín dọ́gba jẹ́ pátápátá. Ohunkóhun tó bá ju 1E+37 lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "ó kọjá ìwọ̀n".

`MEAS:VOLT:DC?` dùn ún lò, ṣùgbọ́n mo ti pa á tì níbi iṣẹ́ gidi. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é, ó ń dá mítà padà sí ètò àkọ́kọ́, NPLC tí ẹ yàn lọ nìyẹn. Báyìí ni kí ẹ ṣe dípò rẹ̀:

```
pase(mita, "CONF:VOLT:DC 10")
pase(mita, "VOLT:DC:NPLC 10")
v = float(mita.query("READ?"))
```

Ẹ tò ó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. `CONF` náà ń nu NPLC nù, nítorí náà òun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà `READ?`, tó ń wọn tó sì ń dá èsì padà, nìkan ni ẹ ó máa pè. 10 tí mo kọ síbẹ̀ ń so mítà mọ́ ìpele fólítì 10. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa yan ìpele fúnra rẹ̀, nígbà tí fólítì bá ń rìn ní etí ààlà ìpele méjì, riléè inú rẹ̀ yóò máa ṣí yóò máa tì, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́. Riléè ní iye ìgbà tó lè ṣí kó tó gbó. Ìwọ̀n òru kan lè jẹ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

Fún oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìgbì iná, dátà ń wá ní bínárì. Èsì ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: `#510000`. Lẹ́yìn `#`, 5 ń sọ pé nọ́ńbà márùn-ún ló tẹ̀ lé e, àwọn márùn-ún náà sì ń sọ pé báìtì 10000 ń bọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé báìtì tí iye rẹ̀ jẹ́ 10 ni àmì ìdópin `\n`, dátà bínárì sì kún fún un. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á, tí àmì ìdópin sì wà ní títàn, yóò rí àwòrán tó gé sí àárín. Ẹ lo `query_binary_values`, tó ń ka iye báìtì náà, kí ẹ sì sọ irú nọ́ńbà tó jẹ́ àti apá tí báìtì ńlá wà. Bí ẹ bá ṣì í, ariwo rúdurùdu ni ẹ ó rí dípò ìgbì.

Ẹ̀rọ tó ń fúnni níná nígbà tí kò sẹ́ni nítòsí

Mítà tó ṣì ń dá dátà rú. Ẹ̀rọ apèsè iná tó ṣì lè dáná. Ètò tí mo ń tẹ̀ lé ni pé ààbò ń ṣáájú: ìdènà fólítì àjùlọ, lẹ́yìn náà ààlà áńpíà, lẹ́yìn náà fólítì, ìgbẹ̀yìn ni `OUTP ON`, tó ń tan iná ẹnu ẹ̀rọ. Mi ò kì í fi `*RST` ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ láìmọ ohun tí ó ń fún níná, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ wọn, ó ń gé iná lójijì.

Bí kóòdù bá kú lójú ọ̀nà, iná kò kú. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ẹ ti lọ, yóò sì dúró sórí àṣẹ tó gbọ́ kẹ́yìn. Ẹ fi iṣẹ́ sínú `try`, kí ẹ sì kọ `OUTP OFF` sínú `finally`, apá tí Python ń ṣe bí àṣìṣe bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ó dára, kò tó. Bí wáyà bá yọ, bí kọ̀ǹpútà bá sùn, bí ó bá tún ara rẹ̀ tàn nítorí àtúnṣe sọ́fítíwíà lóru, `finally` kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ apèsè iná kan ní watchdog: bí wọn kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ yàn, wọ́n ń pa iná fúnra wọn. Ẹ tàn án. Bí tiyín kò bá ní, ohun tó lè gbóná gbọ́dọ̀ ní ohun ìdènà ooru tirẹ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rárá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú yín kò sí níbẹ̀.

Ní ti pé kí ẹ máa gbé fólítì sókè díẹ̀díẹ̀, láti 0 dé 5 ní ìgbésẹ̀ 0.1, ibi 51 ni ẹ ó dúró sí, kì í ṣe 50. Ẹ ka ìgbésẹ̀ ní nọ́ńbà odindi, ẹ wá pín in sí 10. Bí ẹ bá ń fi 0.1 kún 0.1, kọ̀ǹpútà yóò rán 0.30000000000000004 jáde. `*OPC?` ń dáhùn 1 nígbà tí ẹ̀rọ bá ti parí àṣẹ, ṣùgbọ́n kò sọ pé fólítì ti dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu wáyà. Ní pàtàkì nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ kalẹ̀: ẹ̀rọ lè ti fólítì sókè kíákíá, ṣùgbọ́n bí ohun tó ń lo iná kò bá fà á púpọ̀, kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ń pẹ́ kó tó tú. Bí ìwọ̀n ìgòkè àti ti ìsọ̀kalẹ̀ kò bá bára mu, ẹ kọ́kọ́ fi ìdúró kún ìsọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ohun tí ẹ ń yẹ̀ wò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ọ̀nà jíjìn gan-an

Socket 5025 kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ lè pàṣẹ. Fún ìdí yìí, ẹ má ṣe ṣí i sí íntánẹ́ẹ̀tì láé. Ẹ gba inú VPN tàbí SSH, àwọn ọ̀nà ìsopọ̀ tó ní ààbò, wọ kọ̀ǹpútà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kí kóòdù sì máa sáré lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Kì í ṣe nítorí ààbò nìkan. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà láàárín ìbéèrè àti èsì, gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yóò di gbèdéke tó kọjá. Bí kóòdù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ kó sì padà, ìwọ̀n kò ní dúró. Ẹ fi tmux tàbí irú rẹ̀ sáré e kó má bàa kú pẹ̀lú ìsopọ̀ yín, ẹ pa oorun kọ̀ǹpútà àti ti USB, ẹ sì sún àtúnṣe sọ́fítíwíà síwájú.

Fún ìwọ̀n tó gùn, ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì bó bá ti dé, kí ẹ sì pe `flush()`, kó lè wọ fáìlì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kó o jọ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà de ìparí. Nípa àkókò: `sleep(1)` kò túmọ̀ sí ìwọ̀n kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìwọ̀n fúnra rẹ̀ bá gba 400 ms, ìyípo kan di ìṣẹ́jú àáyá 1.4, nínú wákàtí kan ẹ ó rí nǹkan bí 2571 dípò 3600. Ẹ ṣírò àsìkò tí ìwọ̀n tó kàn yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sùn títí di ìgbà náà, kí ẹ sì kọ aago gidi mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ lẹ bébà mọ́ iwájú ẹ̀rọ: kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, iná lè wà lẹ́nu wáyà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ìgbà tí yóò parí. Ẹni tó bá kọjá lè tẹ bọ́tìnì Local, tó ń dá ìdarí padà sí iwájú ẹ̀rọ, láìmọ̀, kó sì yí ìpele padà ní àárín ìwọ̀n yín. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, `OUTP OFF` ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi mítà wọn ẹnu wáyà kí ẹ rí i pé ó ti sún mọ́ òdo. Ẹ ka `SYST:ERR?` títí yóò fi sọ 0, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó bá sọ sí ìsàlẹ̀ fáìlì dátà kan náà, ẹ dá ẹ̀rọ padà sí Local, kí ẹ wá pe `close()`.